Títún kabúrétọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ ṣe ní Òṣogbo: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè kan náà ni àwọn tó ní Ìjàpá (Volkswagen Beetle), Peugeot 504, Datsun àti Mercedes ayé ọjọ́un ní Òṣogbo máa ń bi mi ṣáá. Mo ti to ìdáhùn wọn síbí, èyí tó rọrùn ṣáájú, èyí tó díjú lẹ́yìn.

Kí ni kabúrétọ̀ ń ṣe gan-an?

Òun ló ń po bẹntiróòlù mọ́ afẹ́fẹ́ kí méjèèjì tó wọ inú ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń fa afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ náà á gba ọ̀fun tóóró kan kọjá nínú kabúrétọ̀. Níbi tí ọ̀fun yẹn ti há, afẹ́fẹ́ á sáré, ìtẹ̀ rẹ̀ á sì rọ̀. Àyè yẹn ni epo ń rí jáde láti inú ìkòkò rẹ̀, tí á gba ihò idẹ kékeré tí à ń pè ní jẹ́ẹ̀tì. Epo gíráàmù kan ń fẹ́ afẹ́fẹ́ bíi gíráàmù 14.7 kó tó lè jó tán. Bí epo bá pọ̀ jù, èéfín dúdú ni ẹ máa rí, owó yín á sì máa wọlé sílé epo. Bí ó bá kéré jù, ẹ́ńjìnnì á gbóná, á máa wúkọ́, fáàfù sì lè jóná.

Nínú ìkòkò epo, fulóòtì ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó ń léfòó lórí epo bíi bọ́ọ̀lù inú táńkì omi orí ilé. Bí epo bá kún dé ìwọ̀n, á ti abẹ́rẹ́ kan sókè láti dí ẹnu ọ̀nà. Títún kabúrétọ̀ ṣe kò ju pé kí a tú u, kí a fọ gbogbo ihò rẹ̀, kí a pààrọ̀ abẹ́rẹ́, rọ́bà àti gásíkẹ́ẹ̀tì (bébà tó ń dí àárín irin méjì kó má baà jò), kí a sì tò ó padà bí àwọn tó ṣe é ṣe fẹ́ kó wà.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kabúrétọ̀ ni ọkọ̀ mi ń lò?

Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì (ti Ìjàpá wà lẹ́yìn) kí ẹ yọ ilé fílítà afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá rí ohun èlò irin funfun kan tí okùn ẹsẹ̀ (èyí tó ti ibi tí ẹ ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré wá) so mọ́, tí họ́ọ̀sì epo kan ṣoṣo wọ̀ ọ́, tí ẹ sì ń rí ọ̀fun rẹ̀ láti òkè, kabúrétọ̀ nìyẹn. Ìjàpá tí wọ́n tò ní Ọ̀jọ́ ní Èkó nígbà náà àti 504 tí wọ́n tò ní Kàdúná, tí ilé iṣẹ́ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ ní 1975, òun ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń lò. Bẹ́ẹ̀ náà ni Datsun 120Y. Ṣùgbọ́n 504 tó ń lo injẹ́kítọ̀ (tó ń fín epo dípò kabúrétọ̀) wà, èyí tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì náà sì wà, nítorí náà ẹ wò ó kí ẹ tó ra ohunkóhun.

Àmì wo ló ń fi hàn pé kabúrétọ̀ ló ń dààmú ọkọ̀ mi?

Òórùn epo tí kì í lọ. Ara kabúrétọ̀ tó rin gbingbin. Èéfín dúdú lẹ́nu sàlẹ́ńsà. Ọkọ̀ tó ń kú bí ẹ bá ṣe gbé ẹsẹ̀ kúrò, tàbí tó ń fà sẹ́yìn nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lójijì láti já sí títì. Ọkọ̀ tó dédé bẹ̀rẹ̀ sí í mu epo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Síbẹ̀, ẹ má tíì mú sípánà. Ọ̀pọ̀ kabúrétọ̀ tí wọ́n ní ó ti kú nílùú yìí, iná ló ń ṣe ọkọ̀ náà. Kọ́ńtáàtì tó ti jó (irin kékeré tó ń ṣí tó ń pa nínú dìsìtíríbútọ̀, ohun tó ń pín iná fún àwọn pulọ́ọ̀gì), kọ́ńdẹ́ńsà tó ti rẹ̀, wáyà pulọ́ọ̀gì tó ti là, gbogbo wọn ló lè mú kí ọkọ̀ wúkọ́ kó sì kú gẹ́gẹ́ bí àìsàn epo. Ẹ kọ́kọ́ wo pulọ́ọ̀gì, ẹ ṣí dìsìtíríbútọ̀, ẹ wọn àlàfo kọ́ńtáàtì (ti Ìjàpá jẹ́ mìlímítà 0.4), ẹ sì rí i pé tàmíìnì (àsìkò tí iná ń ta) tọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wò bóyá epo ń dé ọ̀dọ̀ kabúrétọ̀ rárá. Ẹ yọ wáyà iná kúrò lára kọ́ìlì kí iná má baà ta, ẹ ki ẹnu họ́ọ̀sì epo bọ inú ìgò, kí ẹnì kan sì fi kọ́kọ́rọ́ yí ẹ́ńjìnnì. Epo gbọ́dọ̀ máa tú jáde pùpù. Bí ó bá ń kán tó-tó-tó, pọ́ǹpù, fílítà tàbí táńkì ni kí ẹ bá wí.

Ṣé kí n tún un ṣe ni, àbí kí n ra òmíràn?

Bí ara rẹ̀ kò bá tíì là, ẹ tún un ṣe. Kabúrétọ̀ tó bá ọkọ̀ náà wá láti ilé iṣẹ́, tí a fọ̀ dáadáa tí a sì fi kíìtì gidi (abẹ́rẹ́, rọ́bà àti gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun tí wọ́n dì pọ̀) sí, mo fọkàn tán an ju tuntun olówó pọ́ọ́kú tó wà nínú páálí aláràbarà lọ. Ti tókunbọ̀ kò burú, àmọ́ ẹ ò mọ ọwọ́ tó ti tú u rí. Ẹ̀yin náà ṣì máa tú u kí ẹ tó lè sùn.

Níbo ni mo ti máa rí kíìtì, báwo ni mo sì ṣe máa ra èyí tó bá a mu?

Kabúrétọ̀ ni kí ẹ ra kíìtì fún, kì í ṣe ọkọ̀. Ọkọ̀ tó ti pé ogójì ọdún, ta ló mọ iye mẹkáníìkì tó ti pààrọ̀ nǹkan lára rẹ̀? Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì nu ara kabúrétọ̀ títí orúkọ àti nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i á fi hàn. Lára ti Ìjàpá, ẹ lè rí Solex 30 PICT tàbí 34 PICT-3. 30 tàbí 34 yẹn ni fífẹ̀ ọ̀fun ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà. Ti 504 lè jẹ́ Solex, ó lè jẹ́ Zenith, kíìtì ọ̀kan kò sì wọ èkejì. Ẹ fi fóònù ya nọ́ńbà náà.

Bí àwọn tó ń ta spare parts ní Òṣogbo kò bá ní i, Gate ní Ìbàdàn ló kù, lẹ́yìn ìyẹn Ládípọ̀ ní Mushin. Ẹ mú rọ́bà àti gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ dání, bí ó tilẹ̀ ti ya, kí ẹ tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun lórí káúńtà kí ẹ tó sanwó. Ẹ ka ihò bóòtì. Ẹni tó bá sọ fún yín pé "gbogbo rẹ̀ kan náà ni", ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.

Gásíkẹ́ẹ̀tì nìkan kò yẹ kó dá yín dúró. Ẹ ra bébà gásíkẹ́ẹ̀tì, ẹ fi gíríìsì díẹ̀ pa ojú irin náà, ẹ tẹ bébà lé e; gbogbo ìlà àti ihò rẹ̀ á jáde, ẹ ó sì fi abẹ gé e.

Irinṣẹ́ wo ni mo nílò?

Sukudiráfà tó bá ojú jẹ́ẹ̀tì mu rẹ́gí, nítorí idẹ rọ̀, èyí tó kéré á sì bó o lójú. Sípánà 8 sí 13, píláyà ẹlẹ́nu tóóró, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, aṣọ funfun, páálí ẹyin, àti afẹ́fẹ́ láti ọ̀dọ̀ fọkanáísà. Fóònù yín náà ti di irinṣẹ́.

Báwo ni mo ṣe máa tú u tí nǹkan kan ò fi ní sọnù?

Ẹ ya fọ́tò kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, pàápàá jù lọ ibi tí àwọn sípíríǹgì kéékèèké ti so kọ́. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, kì í ṣe sórí ilẹ̀ iyanrìn. Bí ẹ bá ti ń yọ nǹkan, ẹ máa kó o sínú ihò páálí ẹyin ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, kí ẹ fi bírò kọ orúkọ tàbí ibi tó ti wá sí etí ihò náà.

Ibi tí wàhálà máa ń wà ni bọ́ọ̀lù irin kékeré tó wà lábẹ́ pọ́ǹpù ẹsẹ̀ (èyí tó ń ta epo sínú ọ̀fun bí ẹ bá tẹ ẹsẹ̀) nínú ọ̀pọ̀ kabúrétọ̀. Kò tóbi ju hóró ọkà bàbà lọ. Bí ẹ bá dojú kabúrétọ̀ bolẹ̀ láìmọ̀, ṣíṣubú ló máa ṣubú, ẹ kò sì ní gbọ́ ìró rẹ̀. Ẹ máa dojú rẹ̀ bo aṣọ nìkan.

Kí ẹ tó yọ súkúrù epo silóò (silóò ni ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láìtẹ ẹsẹ̀), ẹ kọ́kọ́ dè é wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí á fi kan ilẹ̀, kí ẹ máa ka iye ìgbà tó yí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ tó wá tú u jáde. Ibẹ̀ ni ẹ máa ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ bá tò ó padà.

Kí ni mo lè fi fọ̀ ọ́?

Oògùn ìfọkabúrétọ̀ inú agolo ló dára jù. Ẹ gbọ́dọ̀ ti yọ gbogbo rọ́bà àti fulóòtì ṣáájú, nítorí á jẹ wọ́n. Bí kò bá sí, bẹntiróòlù tó mọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì á ṣe é, bí ẹ bá fi í sínú rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Kẹrosíìnì ń fọ ìdọ̀tí òde dáadáa, ṣùgbọ́n ó máa ń fi ọ̀rá sílẹ̀ nínú ihò. Kọ́sítíìkì tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ ńkọ́? Rárá o. Ó ń jẹ alumíníọ̀mù àti síǹkì.

Lẹ́yìn fífọ̀, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú gbogbo ihò, kí ẹ sì fi ìka wò ó pé afẹ́fẹ́ ń jáde ní òdìkejì. Ihò tí afẹ́fẹ́ ò gbà kọjá, ẹ kò tíì fọ̀ ọ́.

Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe gbogbo èyí. Oru bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rìn, ó sì lè rìn dé ibi tí ẹnì kan ti ń dáná lẹ́yìnkùlé tàbí ibi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ kó tó gbiná.

Jẹ́ẹ̀tì dí. Ṣé mo lè fi wáyà gún un?

Ẹ má ṣe é. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lójú jẹ́ẹ̀tì Solex: 125 túmọ̀ sí pé ihò rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1.25. Bí wáyà bá fẹ̀ ẹ́ dé 1.35, ìdá mẹ́wàá mìlímítà kan péré, àyè tí epo ń gbà á ti fi bíi ìdá mẹ́tàdínlógún nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Ojú lásán kò lè rí i, àpò yín á rí i. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ń pariwo pé "504 ń mu epo jù", irú ìgúnkúgùn yìí ló ṣe é, ẹni tó gún un sì ti gbowó lọ.

Ẹ rẹ jẹ́ẹ̀tì náà sínú oògùn, kí ẹ fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ. Bí ó bá ṣì dí, ẹyọ ìgbálẹ̀ kan tí ẹ gbẹ́ lẹ́nu tàbí ọ̀rá tí wọ́n fi ń dẹ ẹja rọ̀ ju idẹ lọ, kò lè ha á. Ẹ gbé e sókè sójú oòrùn: ihò tó mọ́ máa ń yí bìrìkìtì, etí rẹ̀ á sì máa dán.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé fulóòtì àti abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣì dára?

Ẹ mì í létí. Bí ẹ bá gbọ́ epo nínú rẹ̀, ó ti lu. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ rì í bọ inú omi gbígbóná. Ibi tí èéhọ́ bá ti ń jáde ni ihò wà. Ti idẹ ṣe é jó lẹ́ẹ̀dì sí, kìkì pé kí epo inú rẹ̀ gbẹ tán pátápátá kí iná tó dé itòsí rẹ̀, kí lẹ́ẹ̀dì má sì pọ̀, torí fulóòtì tó wúwo á jẹ́ kí epo ga jù. Ti ike, ẹ ra tuntun.

Ẹ fi ìka tàbí èékánná pa ẹnu abẹ́rẹ́ náà. Bí ẹ bá bá òrùka tàbí kòtò níbi tó ti ń jókòó, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Pẹ̀lú tuntun, ẹ dojú ìdérí kabúrétọ̀ bolẹ̀ kí fulóòtì tẹ abẹ́rẹ́, kí ẹ fi ẹnu fẹ́ afẹ́fẹ́ gba ibi tí epo ń gbà wọlé. Kò gbọ́dọ̀ kọjá. Wọ́ṣà abẹ́ rẹ̀ náà kì í ṣe ohun tí à ń fojú kéré: lára Solex Ìjàpá, nínípọn wọ́ṣà yẹn wà lára ohun tó ń pinnu ibi tí epo máa ga dé, nítorí náà ẹ fi irú èyí tí ẹ bá níbẹ̀ padà.

Ó ń jò níbi tí wọ́n ti pàdé. Ṣé kí n fi gọ́ọ̀mù sílíkóònù sí i?

Bẹntiróòlù ń jẹ sílíkóònù yẹn. Á wú, á já wẹ́lẹwẹ̀lẹ, wẹ́lẹwẹ̀lẹ náà á sì lọ jókòó sínú jẹ́ẹ̀tì. Mo ti yọ ọ́ nínú kabúrétọ̀ tí wọ́n gbé wá pé "ó kàn dédé kú ni", pupa bíi ti inú agolo rẹ̀.

Ohun tó ń fa jíjò ni pé ojú irin ti tẹ̀, nítorí ẹnì kan ti fi agbára dè é jù. Ẹ lẹ sáńpépà wínníwínní mọ́ ojú gíláàsì tó nípọn, ẹ da omi díẹ̀ sí i, kí ẹ máa yí ojú irin náà lórí rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ fífúyẹ́. Ibi tó ga á kọ́kọ́ dán. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti dán dọ́gba, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ tún un fọ̀, kí ẹ fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i. Nígbà dídè, ẹ dè bóòtì kan, kí ẹ dè èyí tó dojú kọ ọ́ tẹ̀ lé e, díẹ̀díẹ̀.

Mo ti fọ gbogbo rẹ̀, mo ti pààrọ̀ kíìtì, síbẹ̀ silóò rẹ̀ kò dúró sójú kan. Kí ló kù?

Ọ̀pá bọ́tafíláì, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tó ń ṣí ọ̀fun fún afẹ́fẹ́ bí ẹ bá tẹ ẹsẹ̀. Èyí ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í wò, òun gan-an sì ni ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń jẹ. Ọ̀pá irin yẹn ń yí nínú ara kabúrétọ̀ tó rọ̀ jù ú lọ. Bí ihò rẹ̀ bá ti fẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀n á máa gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ di ẹnu ọ̀pá náà mú kí ẹ mì í sókè sódò. Bí ó bá ń lọ ń bọ̀ kóró-kóró, ẹ ti rí i.

Láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ ní silóò, kí ẹ kán òróró ẹ́ńjìnnì díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá náà. Bí silóò bá yí padà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà. Àwọn kan ń fi bẹntiróòlù ṣe é lórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì, iṣẹ́ ẹni tó ní léètì (ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin) ni. Á gbẹ́ ihò náà fẹ̀ sí i, á gé búṣì idẹ sínú rẹ̀, á sì fi ọ̀pá wọ̀n ọ́n kó lè yí láìmì. Ìlú tí wọ́n dá ilé iṣẹ́ Nigeria Machine Tools sílẹ̀ sí kò ṣaláìní ẹni tó mọ léètì lò. Kí ẹ sàmì sí bí bọ́tafíláì ṣe dojú kọ kí ẹ tó yọ ọ́, torí etí rẹ̀ kì í gún régé, bí ẹ bá sì fi í sódì, kò ní pa dé.

Ìjàpá mi ń ṣiṣẹ́ bí mo bá tẹ ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń kú bí mo bá ti gbé e kúrò. Kí ni mo máa ṣe?

Jẹ́ẹ̀tì silóò ló ń ké sí yín. Lára 34 PICT àti àwọn 30 PICT kan, ohun kékeré oníwáyà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kabúrétọ̀ tó ń ṣí ọ̀nà epo silóò nígbà tí iná bá wọ̀ ọ́. Wọ́n ṣe é kí ẹ́ńjìnnì má baà máa ṣiṣẹ́ lọ lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa á. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láìgbé ẹ́ńjìnnì dìde, ẹ yọ wáyà rẹ̀, kí ẹ tún fi kàn án: ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ "kọ́". Bí ẹ kò bá gbọ́ ọ, ẹ jẹ́ kí rìwáyà (ẹni tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe) wò bóyá iná ń dé ibẹ̀. Bí iná bá ń dé, ohun náà ló kú.

Báwo ni mo ṣe máa ṣètò silóò lẹ́yìn tí mo bá ti dè é padà?

Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ gbóná dáadáa, ṣóòkù (ìlẹ̀kùn tó ń dín afẹ́fẹ́ kù nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù) gbọ́dọ̀ ṣí pátápátá, tàmíìnì sì gbọ́dọ̀ ti tọ́. Ẹni tó bá ń ṣètò kabúrétọ̀ lórí tàmíìnì tí kò tọ́, ilẹ̀ á ṣú u síbẹ̀.

Lára 34 PICT-3, súkúrù méjì ló wà ní apá òsì: ńlá jẹ́ ti afẹ́fẹ́, kékeré jẹ́ ti epo. Ẹ fi súkúrù ọwọ́ ẹsẹ̀ (èyí tó ń dá bọ́tafíláì dúró) sílẹ̀, ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n ti ń ṣètò silóò. Ẹ dè súkúrù kékeré wọlé pẹ̀lẹ́ títí á fi jókòó, kí ẹ tú u ní ìyípo méjì ààbọ̀. Ẹ gbé ẹ́ńjìnnì dìde, ẹ fi ńlá mú un wá sí nǹkan bí ìyípo 850 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ wá máa yí kékeré díẹ̀díẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì á fi sáré jù, kí ẹ dè é wọlé ṣín-ńṣín títí ẹ ó fi gbọ́ tó rọ̀ díẹ̀, kí ẹ sì fi ńlá dá a padà sí 850.

Àwọn kabúrétọ̀ tó ní súkúrù epo kan àti súkúrù ọwọ́ ẹsẹ̀ kan rọrùn jù báyìí lọ: ìyípo kan ààbọ̀ sí méjì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ wá silóò tó yára jù tó sì dúró jẹ́ẹ́. Bí yíyí súkúrù epo ò bá yí nǹkan kan padà nínú ìró ẹ́ńjìnnì, ihò silóò ṣì dí, tàbí afẹ́fẹ́ ń wọlé níbòmíràn.

Ó ń fà sẹ́yìn bí mo bá tẹ̀ ẹ́ lójijì. Ṣé jẹ́ẹ̀tì ló kéré?

Pọ́ǹpù ẹsẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ fílítà, ẹ wo inú ọ̀fun, kí ẹ fi ọwọ́ fa okùn ẹsẹ̀. Epo gbọ́dọ̀ ta jáde ní ìlà kan tó gún, lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá pẹ́ kó tó ta, tàbí tó kàn ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́, rọ́bà pọ́ǹpù ti le tàbí bọ́ọ̀lù irin yẹn ti sọnù.

Ní ọ̀sán gangan, nínú gósíló, ọkọ̀ á kú, kò sì ní dìde títí á fi tutù. Ṣé kabúrétọ̀ ni?

Ooru ni. Epo inú họ́ọ̀sì tàbí ìkòkò á hó, á di oru, pọ́ǹpù ò sì lè fa oru. Ẹni tó bá dúró pẹ́ ní Ọlá-Ìyá lóṣù Kẹta mọ ohun tí mo ń sọ. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ da aṣọ tútù bo pọ́ǹpù epo. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbé e dìde, ẹ tẹ ẹsẹ̀ dé ilẹ̀ kí ẹ sì dì í mú síbẹ̀, ẹ má ṣe máa tẹ̀ ẹ́ léraléra, torí epo tó hó nínú ìkòkò ti kún ọ̀fun tẹ́lẹ̀.

Bí ó bá ń ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ẹ wò bóyá ẹnì kan ti yọ pátákó dúdú tó nípọn láàárín kabúrétọ̀ àti manifóòdù (ọ̀nà tí epo àti afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì), tàbí bóyá họ́ọ̀sì epo ń fara kan irin gbígbóná.

Ṣé bẹntiróòlù ìsinsìnyí ń ba kabúrétọ̀ jẹ́?

Lóṣù Kejì 2022, ìjọba ní kí wọ́n kó bẹntiróòlù kan tí mẹ́tánọ́ọ̀lù ti pọ̀ jù nínú rẹ̀ kúrò lọ́jà. Ọtí irú èyí ń wú rọ́bà àtijọ́, ó sì ń fa omi mọ́ra. Bí ẹ bá ṣí ìkòkò epo tí ẹ bá ìyẹ̀fun funfun tàbí àwọ̀ ewé nísàlẹ̀ rẹ̀, omi ti gbé ibẹ̀.

Dídúró epo lójú kan ló ń ṣe ibi jù. Àwọn tó jẹ́ pé ọdún Ọ̀ṣun nìkan ni wọ́n ń gbé ọkọ̀ àtijọ́ wọn jáde, kí wọ́n dí họ́ọ̀sì epo tó ń bọ̀ láti táńkì, kí wọ́n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì jó ìyókù tán kó sì kú fúnra rẹ̀, kí wọ́n tó bò ó. Ní ti ọyẹ́ àti eruku rẹ̀, ọ̀pọ̀ Ìjàpá ní fílítà olóróró: ẹ máa da òróró rẹ̀ nù bí ẹrẹ̀ bá ti gbá jọ sísàlẹ̀ rẹ̀.

Kí nìdí tí gbogbo èèyàn fi ń bẹ̀rù iná lára Ìjàpá?

Nítorí ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì wà, epo sì lè máa jò kí awakọ̀ má mọ̀. Ọ̀pá idẹ kékeré tí epo ń gbà wọ kabúrétọ̀ Solex, wọ́n kàn tẹ̀ ẹ́ wọnú ìdérí ni. Bí ó bá ti pẹ́, á tú, á yọ jáde lórí ìrìn, epo á sì máa tú sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, nítòsí dìsìtíríbútọ̀ tó ń ta iná. Ẹ fi ọwọ́ yí i nísinsìnyí. Bí ó bá yí, ẹ má wa ọkọ̀ náà títí ẹ ó fi jẹ́ kí oníléètì gé ojú súkúrù sí i, kó dè é mọ́lẹ̀.

Ẹ pààrọ̀ gbogbo họ́ọ̀sì epo tó ti là, kí ẹ fi kílíìpù dè é. Fílítà ike tí wọ́n ń so kọ́ òkè ẹ́ńjìnnì, ẹ gbé e lọ sábẹ́ táńkì níwájú. A kì í gbé iná sórí òrùlé sùn.

Mẹkáníìkì mi ní ká yọ ṣóòkù dànù. Ṣé ká yọ ọ́?

Òṣogbo kì í tutù tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ọkọ̀ á máa dìde láìsí i, bóyá àfi lówùúrọ̀ ọyẹ́. Síbẹ̀, mi ò rí ìdí tí a ó fi yọ ọ́. Ṣóòkù tó há sí pípadé ló ń fa wàhálà, ẹ sì lè tú u sílẹ̀ kí ó máa ṣí dáadáa. Ti Ìjàpá ń lo iná láti gbóná kó tó ṣí. Kí rìwáyà rí i pé wáyà rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ṣé mo lè fi kabúrétọ̀ ọkọ̀ mìíràn sí 504 mi?

Wọ́n ń ṣe é, ó sì máa ń rìn. Ẹ́ńjìnnì tó tóbi tó 1.8 tàbí 2.0 lítà tí ẹ gbé kabúrétọ̀ ọkọ̀ kékeré lé á dá silóò tó dùn ún gbọ́, àmọ́ lójú òkè Iléṣà á bẹ̀rẹ̀ sí í mí kúrúkúrú. Èyí tó bá tóbi jù á sì máa mu epo. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ ṣe é, jẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ múra láti pààrọ̀, kì í ṣe ihò bóòtì nìkan.

Mercedes 200 mi ń sáré silóò dáadáa, ṣùgbọ́n kò lágbára rárá. Mo ti fọ kabúrétọ̀, kò yí padà.

Kabúrétọ̀ Stromberg ló wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìṣe rẹ̀ sì yàtọ̀. Kò ní ọ̀fun tó dúró sójú kan. Písítìn kan ń gòkè ń sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fa afẹ́fẹ́, rọ́bà fẹ́lẹ́ kan ló sì ń gbé e. Bí rọ́bà yẹn bá ya, písítìn kò ní gòkè, ọkọ̀ á sì dà bíi pé ẹnì kan fà á mú látẹ̀yìn. Ẹ tú ìdérí òkè, ẹ gbé rọ́bà náà sójú oòrùn, kí ẹ nà án díẹ̀. Ihò tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́ ti tó láti ṣe gbogbo ìyẹn. Nígbà tí ẹ bá ń fi tuntun sí i, ahọ́n kékeré etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ sínú kòtò tirẹ̀.

Kabúrétọ̀ SU tó wà lára Morris Minor kò ní rọ́bà yẹn, písítìn rẹ̀ ló ń gòkè ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ilé rẹ̀ láìkàn án. Nínú méjèèjì, òróró fẹ́lẹ́ gbọ́dọ̀ wà nínú ọ̀pá àárín. Ẹ fi ìka gbé písítìn sókè: ó gbọ́dọ̀ le díẹ̀ bí ó ti ń gòkè, kó sì já wálẹ̀ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ìró "kò". Bí ó bá ń gòkè wẹ́rẹ́ láìsí ìdènà, òróró ti gbẹ. Bí ó bá ń há, ìdọ̀tí ni: ẹ nu ún pẹ̀lú aṣọ àti bẹntiróòlù, ẹ má fi sáńpépà kàn án.

Láìsí ẹ̀rọ, báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé epo àti afẹ́fẹ́ ti bá ara wọn mu?

Pulọ́ọ̀gì á sọ fún yín. Ẹ fi tuntun sí i, ẹ wa ọkọ̀ lọ sí Ìkìrun kí ẹ padà, ẹ pa á láìjẹ́ kó pẹ́ lórí silóò, kí ẹ tú wọn nígbà tó bá tutù. Àwọ̀ ilẹ̀ tó fẹ́lẹ́ ló dára. Dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò, epo pọ̀ jù. Funfun fáú, epo kéré, ẹ má sì fi ìyẹn ṣeré lára Ìjàpá tí afẹ́fẹ́ nìkan ń tù lára.

Ẹ tú gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí mẹ́ta bá dára tí ọ̀kan funfun, kì í ṣe jẹ́ẹ̀tì, nítorí kabúrétọ̀ kan náà ló ń bọ́ gbogbo wọn. Ẹ wá ibi tí manifóòdù ti ń fa afẹ́fẹ́ nítòsí ìyẹn. Bí ọ̀kan bá dúdú tó sì rin, iná rẹ̀ ni kò ta.